Ẹgbàá Lé Ọ̀ọ́dúnrún àti Mọ́kànlá

Wọ́n ti lù ú tán kí ọlọ́pàá tó dé.

Isaac nà gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú àká iṣu Ẹgbẹ́ Opó ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Ojú rẹ̀ òsì ti wú dí. Ẹ̀jẹ̀ àti ẹrẹ̀ ti pò pọ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó yí i ká ò tíì ju igi ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n dúró bí ẹni tó ṣiṣẹ́ ìlú tán, tó ń retí kí wọ́n kí òun.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Madam," ọ̀kan nínú wọn kí Inspẹ́kítọ̀ Mobọ́lá. "A ti bá yín mú olè."

Mobọ́lá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó fi ìka kan ọrùn Isaac. Ó ṣì ń mí. Ó ní kí kọ́ńsítébù tó tẹ̀ lé òun gbé e sínú ọkọ̀, kó sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkọ̀lé. Nígbà tí wọ́n ń lù ú, ọwọ́ pọ̀. Nígbà tó kan ká gbé e, ọwọ́ di ti kọ́ńsítébù, ti Mobọ́lá àti ti Esther, ìyàwó Isaac.

Kí Esther tó wọ ọkọ̀, ó di ọwọ́ Mobọ́lá mú.

"Aunty, ọkọ mi kì í ṣe olè."

"Màá wádìí ẹ̀."

"Ẹ wádìí ẹ̀ kíákíá. Kì í ṣe nítorí tèmi. Àwọn tó pè é lólè, àwọn náà ni mo fẹ́ kó fi ẹnu ara wọn sọ fún un pé kì í ṣe olè. Kó gbọ́ ọ kó tó..." Kò lè parí ẹ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ọkọ̀ sì ṣí.

Láti ìpínlẹ̀ Benue ni tọkọtaya náà ti wá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Isaac ń dáko lọ́sàn-án, ó ń ṣọ́ àká lálẹ́. Kò sí ẹni tó ti fẹ̀sùn olè kàn án rí. Ṣùgbọ́n Mobọ́lá wo ojú àwọn tó dúró níbẹ̀, ó sì rí ohun tó dẹ́rù bà á. Bí Isaac kì í bá ṣe olè, kí ni àwọn fúnra wọn? Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ olè. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ olè ju bí wọ́n ṣe fẹ́ rí iṣu wọn gbà padà lọ.

Ó wọnú àká lọ. Bó ṣe ń wọlé, nǹkan kan gbá a níwájú orí. Okùn ni. Wọ́n so ó mọ́ àtẹ́rígbà, wọ́n ta á ní kókó róbótó nísàlẹ̀, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó fọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjá.

Àká náà tóbi ju ilé àwọn mìíràn lọ. Páànù ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀ yíká. Nínú rẹ̀, òpó tò ní ìlà-ìlà, wọ́n sì fi okùn so iṣu mọ́ òpó kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Èbù ni gbogbo rẹ̀, èyí tí opó mẹ́tàlélọ́gbọ̀n fẹ́ pín gbìn nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Opó tí kò bá rí èbù gbìn lọ́dún yìí, ebi ni yóò kórè.

Lẹ́yìn àká, ẹnì kan ti ya imọ̀ ọ̀pẹ, ihò náà fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà. Òpó mẹ́wàá tó sún mọ́ ibẹ̀ ṣófo.

Bàbá Ajíbádé, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan, ló ń mú un kiri. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Olóògbé Màmá Elizabeth, tíṣà ìṣirò tó dá Ẹgbẹ́ Opó sílẹ̀, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni màmá náà kú, kọ́kọ́rọ́ àká sì bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀," ni Mobọ́lá wí.

"Ìrọ̀lẹ́ àná, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Isaac dé ẹnu uṣẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn, a jọ wọlé, mo fi gbogbo uṣu hàn án. Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ ulé. Láàárọ̀ yìí mo dé, mo ṣílẹ̀kùn, mo rí ihò, mo rí òpó tó ṣófo. Ni mo bá ké olè."

"Àgádágodo ńkọ́?"

"Bí mo ṣe tì í ni mo ṣe bá a."

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Kò sí. Èmi nìkan."

"Nígbà tí ẹ̀yin àti Isaac wọlé lánàá, ṣé iṣu pé?"

"Ó pé géérégé! Àádọ́fà òpó, uṣu mọ́kànlélógún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi fúnra mi ni mo tún un so lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi kú. Kò lé, kò dín."

"Kò sí èyí tó wà nílẹ̀? Kò sí lẹ́nu ọ̀nà?"

"Kò sí o. Ẹyọ kan ò ṣẹ́kù lẹ́yìn òpó. Ẹ gbé Bíbélì wá kí n búra."

"Ẹ má tíì búra, Bàbá."

Bàbá Ajíbádé mi orí. "Ọmọ mi, ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Àjèjì ni. A fún un ní jíjẹ, a fún un ní mímu, wo ohun tó fi san án fún wa."

Mobọ́lá gba ihò náà jáde sẹ́yìn àká. Gbogbo ilẹ̀ ló rin gbindin, nítorí òjò àná kì í ṣe kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé imọ̀ ọ̀pẹ tó wó sílẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Eruku ṣì wà níbẹ̀.

Ó gbé òmíràn. Abẹ́ òun náà gbẹ.

Ó yí àká ká. Ó rí ipa ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó wá lu Isaac. Ó rí ipa táyà ọkọ̀ ọlọ́pàá. Kò rí ipa táyà mìíràn nínú ẹrẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni iṣu òpó mẹ́wàá kì í ṣe ẹrù tí ẹnì kan lè fi orí rù lọ ní ìrìn kan. Ó padà wọlé, ó wo àwọn òpó tó ṣófo. Olè kò gé okùn wọn. Ó tú u ní kókó-kókó, ó ká a jọ, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Mobọ́lá ti rí iṣẹ́ olè púpọ̀ ní Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́. Kò tíì rí èyí tó ń ká okùn jọ nínú òkùnkùn.

"Wọ́n ti ya ògiri yìí kí òjò tó rọ̀," ó sọ fún Bàbá Ajíbádé.

Bàbá náà ò ta gìrì. "Ẹ ò rí i? Bó ṣe gba uṣẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya á."

Mobọ́lá pe Esther lórí fóònù. Esther ní wọn ò tíì jẹ́ kí òun wọlé tọ ọkọ òun lọ.

"Esther, ìgbà wo ni Isaac kúrò nílé lánàá?"

"Lẹ́yìn òjò, Ma. Páànù wa ń jò. Ó dúró bá mi gbé ike sábẹ́ ẹ̀. Ìgbà tí òjò dá ló tó jáde. Ilẹ̀ ti ṣú."

"Ta ló tún rí i?"

"Èmi ni, Ma. Ta ni ì bá tún rí i nínú òjò?"

Ọ̀rọ̀ ìyàwó kan, ọ̀rọ̀ alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan. Mobọ́lá mọ èyí tí wọ́n máa gbà gbọ́ ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu.

Ẹnì kan wà tí kò tíì jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Màmá Ẹlúyẹmí ni, alága Ẹgbẹ́ Opó. Iṣu ẹgbẹ́ rẹ̀ sọnù, wọ́n lu ọlọ́dẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ dójú ikú, òun sì jókòó sílé. Mobọ́lá fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá a. Ìyá àgbà náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jẹun, kò sì tan rédíò.

"Ẹ káàárọ̀, Ma. Wọ́n ní ẹ ò wá."

"Kí ni kí n wá ṣe? Kí n wá wo ẹ̀jẹ̀?" Ó nu ojú rẹ̀. "Mo gbọ́ tí wọ́n ń lù ú láti ubí. Bí mo bá jáde, bóyá wọn a gbọ́ tèmi. N ò jáde. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé ìyẹn náà wà nínú ohun tí ẹ ń kọ?"

"N ò kọ nǹkan kan, Ma. Iṣu yín mélòó ló wà nínú àká?"

Ìyá náà wò ó. "Ẹgbàá lé ọ̀ọ́dúnrún àti mọ́kànlá."

"Ó dá yín lójú?"

"Elizabeth ló kọ́ mi. Orí àìsàn ló wà tó mú mi kà á bí ọmọdé. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Bí uṣu bá sọnù tí wọ́n bá ní ẹni tó mọ iye ẹ̀ ni kí wọ́n mú, èmi ni ẹ máa mú."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ iye yẹn gan-an?"

"Tíṣà ìṣirò ni. Ó ní nọ́ńbà náà ò ṣe é pín. Ó ní ká kó èbù jọ títí tá a máa fi dé orí ẹ̀, ká má fi kún un, ká má yọ níbẹ̀. Ó ní, 'Ẹlúyẹmí, èèyàn máa ń sùn. Nọ́ńbà yìí kì í sùn.'"

Mobọ́lá mú ẹ̀ka igi kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò sórí ilẹ̀ níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìṣirò ló kà ní yunifásítì. Ìgbà tó jáde tí kò ríṣẹ́, ó wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n ń gbé fún un kà kò ju òkú àti ọ̀kadà tó sọnù lọ. Inú rẹ̀ ì bá dùn láti tún ṣe irú èyí, bí kì í bá ṣe ohun tó gbé e wá.

Ó pín nọ́ńbà náà ní méjì-méjì. Ọ̀kan ṣẹ́kù. Ó pín in ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀kan ṣẹ́kù. Márùn-ún-márùn-ún, méje-méje, mọ́kànlá-mọ́kànlá: ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan. Ó gbìyànjú mẹ́tàlá àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Nǹkan máa ń ṣẹ́kù ṣáá. Kò sí nọ́ńbà tó lè pín in dọ́gba, àfi kéèyàn kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tàbí kó kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ó yọ ọ̀kan kúrò. Nọ́ńbà tó kù wá di èyí tó rọrùn láti pín. Ó pín sí ọ̀nà méjì, mẹ́ta, márùn-ún, mẹ́fà, méje, mẹ́wàá, mọ́kànlá. Bí opó mẹ́tàlélọ́gbọ̀n bá pín in, àádọ́rin ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìjà ò ní sí. Màmá Elizabeth ti ro ó jinlẹ̀. Lọ́jọ́ ìpín, kí wọ́n yọ ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ á pín dọ́gba. Kí ọjọ́ ìpín tó pé, bó ti wù kí wọ́n so ó mọ́ òpó tó, ọ̀kan ò ní rí òpó gbé.

"Ma," Mobọ́lá béèrè, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "ọ̀kan tó máa ń ṣẹ́kù yẹn, níbo ló wà?"

"Lókè ẹnu ọ̀nà. Elizabeth so ó mọ́ àtẹ́rígbà. Ẹni tó bá wọlé, orí ẹ̀ á gbá a."

Mobọ́lá fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.

"Bàbá Ajíbádé mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀?"

"Rárá." Ìyá náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Elizabeth ní, 'Má sọ fún àbúrò mi.' N ò bi í ní ìdí. Ọmọ ìyá ni wọ́n."

Mobọ́lá padà sínú àká, ó ka òpó. Ọgọ́rùn-ún ló ṣì ní iṣu lára, mọ́kànlélógún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó dín. Ẹgbàá lé ọgọ́rùn-ún géérégé ló kù. Igba ó lé mọ́kànlá ló sọnù. Òpó mẹ́wàá jẹ́ igba ó lé mẹ́wàá, ó wá ku ọ̀kan.

Ó dúró sábẹ́ àtẹ́rígbà, ó rò ó. Ẹni tó bá kó òpó kan lọ, ọ̀kan ṣì máa ṣẹ́kù lókè ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá kó ogún lọ, ọ̀kan ṣì máa ṣẹ́kù. Olè tó gba ẹ̀yìn wọlé, tó kó òpó mẹ́wàá tó sún mọ́ ihò rẹ̀, kí ló máa mú un la gbogbo àká kọjá wá sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n tì pa, nítorí ẹyọ iṣu kan?

Bàbá Ajíbádé sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé nígbà tí òun ń fi iṣu han Isaac, kò sí nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà. Bí iṣu náà bá ti kúrò níbẹ̀ nígbà yẹn, olè ti jà kí Isaac tó dé. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló sì wà.

Ó ku ìbéèrè kan. Ta ni í fi ọwọ́ kan iṣu tí kò sí lórí òpó kankan? Gbogbo ẹni tó ti ra iṣu rí ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ló mọ ìdáhùn rẹ̀. Òǹtajà á ka iye tí o san owó rẹ̀ fún ọ, ìwọ á sì ní, "Èènì ńkọ́?" Ohun tó bá wà lẹ́yìn kíkà ni yóò nawọ́ mú. Ẹnì kan ti tọrọ èènì nínú àká yìí. Ẹni náà ní ọkọ̀, ó sì wá kí òjò tó rọ̀.

Súnkànmí nìkan ló ní píkọ́ọ̀pù ládùúgbò náà. Òun náà ni igi ọwọ́ rẹ̀ tóbi jù láàárọ̀.

Nígbà tí Mobọ́lá dé ilé rẹ̀, ó ń fọ ọkọ̀ tí òjò ti fọ̀. Inú ẹ̀yìn ọkọ̀, lábẹ́ tapólì, ló ń bu omi sí. Níwájú ilé kejì, àwọn ọ̀dọ́ kan ń kó ẹrù Esther síta. Ìkòkò, ẹní, aṣọ ọmọdé. Wọ́n ní ìdílé olè ò gbọdọ̀ sùn nílùú náà mọ́. Mobọ́lá pariwo mọ́ wọn, wọ́n sì sá.

"Madam, ẹ káàsán," ni Súnkànmí wí. Kò wo ojú rẹ̀.

"Iṣu tí Bàbá Ajíbádé fi ṣe èènì fún ọ lánàá, ṣé ó wà nílé?"

Omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dà sílẹ̀.

"Èwo, Madam?"

"Èyí tó já lókè ẹnu ọ̀nà. Má jẹ́ kí n bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Ó jókòó sórí táyà ọkọ̀.

"Ìyá mi ti gún un. A jẹ ẹ́ lálẹ́ àná."

"Kí lo kó?"

"Bàbá ní òpó mẹ́wàá ti ń hu, pé ẹgbẹ́ ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ kó má ba àwọn yòókù jẹ́. Ọ̀sán ni. Àwọn èèyàn ti lọ oko. Òun ló ń tú okùn, èmi ń kó o. A kó o lọ sí ilé kòkó àtijọ́ kan lọ́nà Ọ̀yẹ́. Mo ní, 'Bàbá, èènì tèmi ńkọ́?' Ó já ìyẹn fún mi. Ó ní kò sí nínú iye."

"O kó iṣu náà lọ́sàn-án, o sì lu Isaac láàárọ̀ nítorí ẹ̀?"

"N ò mọ̀! Bàbá ké olè, a sáré jáde. N ò wọnú àká. Bí mo ṣe dé ni mo bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tá a ṣe tán ni mo wọlé, mo wá rí i pé òpó mẹ́wàá yẹn náà ni. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti wà lára mi nígbà yẹn."

"Ọlọ́pàá dé lójú ẹ. Kí ló dé tí o ò sọ?"

Súnkànmí bú sẹ́kún. "Bí mo bá sọ, kí ni mo wá jẹ́, Madam?"

Ó wu Mobọ́lá kó gbá a létí, ó wù ú kó bá a sunkún. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó ní kó dìde.

Ní ilé kòkó lọ́nà Ọ̀yẹ́, wọ́n bá iṣu igba ó lé mẹ́wàá nílẹ̀. Kò sí èyí tó sọnù nínú wọn. Kò sí èyí tó ń hu. Ẹni tó kó wọn kò tilẹ̀ gbèrò láti tà wọ́n.

Nígbà tí Mobọ́lá padà dé àká, Màmá Ẹlúyẹmí àti àwọn opó ti péjọ síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì dúró lẹ́yìn wọn. Bàbá Ajíbádé jókòó sórí àpótí.

"Bàbá, ẹ sọ pé iṣu pé nígbà tí ẹ fi han Isaac. Àádọ́fà òpó, ẹyọ kan ò ṣẹ́kù."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Iye tí ẹ̀gbọ́n yín fi sílẹ̀ kò ṣe é tò dọ́gba. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù."

"Iye wo?"

Màmá Ẹlúyẹmí sọ ọ́ lóhùn rara. Bàbá Ajíbádé wò ó, ó wo àwọn opó, ó wá wo okùn tó ń mì lókè ẹnu ọ̀nà.

"Nígbà tó wà lórí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ṣẹ́kù," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo tún un so ní mọ́kànlélógún, ó tún ṣẹ́kù. Mo ní èyí kì í ṣe ti ẹnì kankan. Mo ní èènì ni."

"Súnkànmí ti sọ gbogbo rẹ̀, Bàbá. A ti rí iṣu. Ẹ̀yin lẹ kó o lọ́sàn-án. Ẹ̀yin lẹ ya ògiri kí òjò tó rọ̀. Isaac ò bá yín wọ àká lánàá. Nígbà tó dé lẹ́yìn òjò, ilẹ̀kùn ló ṣọ́, kò mọ̀ pé ihò wà lẹ́yìn. Kí ló ṣe yín?"

Bàbá Ajíbádé kò bẹ̀bẹ̀.

"Ulẹ̀ etí odò. Ulẹ̀ bàbá wa ni. Ẹ̀gbọ́n mi fi í fún Isaac kó tó kú, ó ní kó máa dáko níbẹ̀ títí ayé ẹ̀. Àjèjì! Èmi tí a jọ mu ọmú kan náà, ó ní kí n máa ṣọ́ kọ́kọ́rọ́. Mo rò ó títí. Bí ulú bá lé e, ulẹ̀ á padà wá. Mo ní kí wọ́n lé e ni. N ò ní kí wọ́n lù ú báyẹn."

"Ẹ ké olè láàárọ̀ kùtù, níwájú ọ̀dọ́ tó ní igi lọ́wọ́," ni Mobọ́lá wí. "Kí lẹ rò pé wọ́n máa ṣe?"

Bàbá Ajíbádé tún wo okùn náà. "Kò sọ iye yẹn fún mi," ó tún wí. "Ọmọ ìyá mi. Ó sọ fún ẹlòmíràn, kò sọ fún mi."

"Ó mọ̀ ọ́ ni," Màmá Ẹlúyẹmí dá a lóhùn, ó sì bú sẹ́kún.

Mobọ́lá yíjú sí àwọn ọ̀dọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń yọ́ lọ. Gbogbo ẹni tó lu Isaac láàárọ̀ ni ojú ń tì, kò sì sí ẹni tí ojú tì tó láti sọ pé òun wà níbẹ̀. Mobọ́lá mọ̀ pé òun máa mú Bàbá Ajíbádé, òun máa mú Súnkànmí, òun á mú ẹni méjì-mẹ́ta tí Súnkànmí bá dárúkọ. Àwọn yòókù á wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ó ní kí Màmá Ẹlúyẹmí àti àwọn opó méjì wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá, tó ti padà dé láti Ìkọ̀lé. Ó fi Bàbá Ajíbádé àti Súnkànmí sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò kọ́kọ́ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ilé ìwòsàn ní Ìkọ̀lé ló kọrí sí. Ohun tí Esther tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, ó fẹ́ ṣe é.

Lójú ọ̀nà, Súnkànmí ń fi ọ̀rọ̀ tó máa sọ dánra wò. "Brother Isaac, ẹ dákun. Kì í ṣe ẹ̀yin. Brother Isaac, ẹ dákun."

Esther jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù. Ó rí wọn lókèèrè, kò dìde. Mobọ́lá ti rí irú ìjókòó yẹn rí. Ó dúró.

"Ìgbà wo?"

"Kò tíì pẹ́," ni Esther wí.

Màmá Ẹlúyẹmí kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀. "Ọmọ mi, dárí jì wá. Ọkọ ẹ kì í ṣe olè. A ti mọ̀ báyìí. A ti mọ̀ pé kì í ṣe òun."

"Ẹ má sọ fún mi, Màmá. Èmi ti mọ̀ láti àárọ̀."

Ó dìde. Ó ṣí ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù. Wọ́n ti fi aṣọ bo Isaac títí dé orí. Esther wọlé, ó rọra ṣí aṣọ náà kúrò lójú ọkọ rẹ̀, ó sì fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè rí àyè dúró.

"Òun ni kí ẹ sọ fún."

Mobọ́lá tú ọwọ́ Súnkànmí sílẹ̀. Ọmọkùnrin náà sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún la ẹnu.

"Ẹ sọ ọ́ sókè," ni Esther wí. "Bí ẹ ṣe pariwo ẹ̀ láàárọ̀ ni kí ẹ pariwo ẹ̀."